Ihò Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Òpó Keje

Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnjiníà obìnrin kan kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ kan yọ láti inú omi, ó di àkàbà irin tó wà lára òpó mú, lẹ́yìn náà ni akoto ńlá kan jáde, tí ewé òkun rọ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n baba arúgbó. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi fà á gòkè, wọ́n tú akoto náà kúrò lórí rẹ̀, ojú ọkùnrin kan sì yọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ta ní ń ti ìsàlẹ̀ òkun bọ̀ tí á máa rẹ́rìn-ín? Ohun tí ẹnjiníà obìnrin náà bi ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì fura sí ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má bá a wí. Ìfura loògùn àgbà, òun sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò yàtọ̀ sí ìfura: ó ń yẹ àwọn òpó ńláńlá tí ilé-iṣẹ́ wọn rì mọ́ ilẹ̀ òkun wò, àwọn òpó tí apá mẹ́ta ń yí lórí wọn, tí afẹ́fẹ́ sì ń tipasẹ̀ wọn di iná mànàmáná fún àwọn tó wà lórí ilẹ̀. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, “Ẹ̀rí-Dà” ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní béèrè ẹ̀rí. Ọjọ́ kìn-ín-ní rẹ̀ lórí omi yìí rèé, orúkọ náà sì ti wọ ọkọ̀ ṣáájú rẹ̀.

“Ihò wà níbẹ̀,” ni òmùwẹ̀ náà wí, bó ṣe ń gbọn omi kúrò létí. “Lẹ́sẹ̀ òpó keje yìí. Aago mẹ́rin. Ó jìn dé àyà mi.”

“Ẹ̀rí dà?”

Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òmùwẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn tútù, ó sì dà á sáàárín ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnjiníà.

“Ẹ̀rí nìyí, Màdáàmù. Tó bá jẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dá a gbé.”

Ẹnjiníà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yá ju ìbínú lọ. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbọn ìyókù iyanrìn dànù, ó sì fi bírò pupa sàmì sí aago mẹ́rin lórí àwòrán òpó keje, torí bí ojú aago ni wọ́n ń ka ẹsẹ̀ òpó yí ká.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan ihò lásán. Gbogbo òpó tó bá ga tó bẹ́ẹ̀ ló máa ń fì, kò sì burú kó fì. Èyí tí kò bá lè fì ni yóò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní bó ṣe ń fì tirẹ̀. Ìgbà méjìdínlógún ni òpó keje máa ń fì láàárín ìṣẹ́jú kan, torí pé iyanrìn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí omi bá gbẹ́ iyanrìn náà lọ, fífì á máa falẹ̀. Àwọn apá tó wà lókè sì ń yí ní ìgbà mẹ́rìnlá láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Bí òpó bá falẹ̀ débi pé fífì rẹ̀ bá yíyí apá dọ́gba, ọ̀rọ̀ di ti ọmọ orí jangirọ́fà. Bí ẹ bá ń tì í lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, ìka kan ti tó láti gbé e ga ju orí ilé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irin tó tó ilé alájà ogún ṣe máa ń ya bí aṣọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi ń yẹ iye fífì òpó keje wò lórí kọ̀ǹpútà láràárọ̀ kó tó bọ́ kóòtù. Ìdí kejì kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní aago mẹ́wàá, òmùwẹ̀ máa ń gbé ife tíì méjì wá sídìí tábìlì rẹ̀.

“Ẹnjiníà mi, ẹ kú iṣẹ́. Mélòó ló fì lónìí?”

“Méjìdínlógún dín díẹ̀. Ta sì ni ẹnjiníà yín?”

“Ẹni tó ń mu tíì mi tí kò dúpẹ́.”

“Mi ò tíì mọ ohun tẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ ni.”

“Ṣúgà ni. Ẹ fẹ́ ẹ̀rí?”

Ó máa ń sọ bí ìsàlẹ̀ ṣe rí fún un. Omi ibẹ̀ dúdú, kámẹ́rà ò rí ju ìdọ̀tí tó ń fò lọ. Ọwọ́ nìkan ni ojú. Ó ní òun ń fi ọwọ́ tọ ẹsẹ̀ òpó yí ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnjiníà á máa gbọ́, á máa bi í lórí ìjìnlẹ̀ àti ìṣàn omi, nígbà tó bá sì yá á rí i pé tíì ti tutù lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ etíkun, tí àwọn méjèèjì sá sábẹ́ pánù kan tí kò gba ju ẹnì kan àtààbọ̀ lọ, ó gbójú sókè sí i, ó ní, “Sún mọ́bí, o ti ń tutù.”

“Háà! Ẹnjiníà mi ti gbàgbé ‘ẹ’ sílé.”

“Òjò ló gbé e lọ. Ṣé kí n lọ wá a?”

“Jẹ́ kó máa lọ. Mi ò fẹ́ ẹ padà.”

Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Kò ṣe é fi bò mọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi tí ẹ̀rù fi ń bà á, ẹ̀rù náà sì ni kò jẹ́ kí ìfura rẹ̀ sùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tirẹ̀ ṣọ́ orí títí ó fi rí abọ́ kan. Ní aago kan ọ̀sán, lójoojúmọ́, òmùwẹ̀ máa ń gbé abọ́ oúnjẹ tó ní ìdérí jáde ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́, á gba òpópónà ẹ̀yìn lọ, kò sì ní padà títí di aago méjì. Oúnjẹ ẹnì kan kọ́ ló wà nínú abọ́ náà. Ìyá tó ń bu oúnjẹ sọ fún ẹnjiníà láìbéèrè pé, “Ó ní kí n máa bu ẹran tó rọ̀ sí i, pé obìnrin náà ò fẹ́ràn èyí tó le.” Obìnrin wo?

Kò bi í. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ béèrè. Kirénì ni bàbá náà ń wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé òun ti de bóòtù ìdí kirénì, pé kó máa gùn ún lọ. Kirénì náà yẹ̀ nídìí, bàbá sì ti ń tiro láti ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ tó fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Má bi wọ́n léèrè, irọ́ ni wọ́n máa pa. Fojú ara rẹ wò ó.” Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá.

Síbẹ̀ ó mú òmùwẹ̀ lọ kí bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Òmùwẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì fi àga hàn án. Bàbá na ẹsẹ̀ tó dùn ún lé orí àpótí, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á tí kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Òmùwẹ̀ ni mí, sà. Mo máa ń yẹ ẹsẹ̀ òpó wò nísàlẹ̀ òkun.”

“Ta ló ń rí ọ níbẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó ń rí mi, sà.”

“Nítorí náà, tó o bá di okùn ọkọ̀ mú lábẹ́ omi, tó o sinmi díẹ̀, tó o wá gòkè tó o ní o ti yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló máa mọ̀?”

Òmùwẹ̀ ronú sí i. “Èmi nìkan, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Nígbà tí àlejò ti lọ, ó pe ọmọ rẹ̀. “Ọmọ mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tójú ẹnikẹ́ni ò tó, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ṣé o mọ ẹ̀rí ọkàn ọ̀hún? Mi ò lè fọwọ́ sí ìgbéyàwó tí mi ò rí ìdí ẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ akóòkúta, èyí tí wọ́n fi ń da òkúta dí ihò ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n ti lọ da òkúta sí aago mẹ́rin òpó keje, bí ìwé tí ẹnjiníà fọwọ́ sí ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìró wo ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kí a tó da òkúta, iyanrìn ibẹ̀ tẹ́jú. A kò rí ihò kankan.” Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òpó keje ti falẹ̀ dé mẹ́rìndínlógún àbọ̀.

Ọ̀gá wọn pè é sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó máa ń jẹ ìdí bírò ni.

“Ihò tí kò sí ló rí,” ni Ọ̀gá wí. “Ihò tó wà, tó ń fa òpó yìí lulẹ̀, ni kò rí. Kí nìyẹn sọ fún ẹ?”

Ẹnjiníà dáhùn. “Pé kò dé ìsàlẹ̀.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i.”

Ó mọ ohun tí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ṣe. Ìwé àṣẹ òmùwẹ̀ á bọ́, kò sì ní sí ọkọ̀ tó máa jẹ́ kó kan omi mọ́ láéláé. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti pé ọmọ ogún ọdún á parí sórí ìlà mẹ́fà. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì kọ ìlà mẹ́fà náà. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù tí ife tíì méjì dé, ó ti yí ìwé náà dojú délẹ̀.

“Mélòó ló fì lónìí, Ẹnjiníà mi?”

“Mi ò tíì wò ó.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn pa fún ẹnì kejì nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kíyè sí ẹni tó pa á.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ẹ̀dà lẹ́tà náà dé ọwọ́ òmùwẹ̀. Ó kà á ní ìdúró, ó ká a, ó fi í sápò. Kò wo ọ̀kánkán tábìlì ẹnjiníà rárá. Nígbà tí aago kan lù, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì gba òpópónà ẹ̀yìn lọ.

Ẹnjiníà tẹ̀ lé e. Inú ń bí i, ẹ̀sùn sì wà lẹ́nu rẹ̀: ẹni tó bá lè parọ́ nípa òkun á lè parọ́ nípa obìnrin. Ó kọjá ilé afọṣọ, ó kọjá ilé tí wọ́n ń kun fèrèsé rẹ̀, ó rí i tó wọ ilé alájà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó tì í, ó wọlé.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó nídìí tábìlì, ojú rẹ̀ funfun láàárín, kò rí nǹkan. Òmùwẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ó rí ẹnjiníà.

“Ta lo mú wá?” ni ìyá náà béèrè. “Ẹni yìí ń yẹ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹni ibi iṣẹ́ mi ni, Màmá. Ẹ jẹun. Ẹran wà ní aago mẹ́rin, omi yín wà ní aago méjìlá.”

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́... àní ẹ káàsán, Ìyá,” ni ẹnjiníà wí, ó kúnlẹ̀. Ojú ti gbogbo ara rẹ̀.

“Káàsán, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọjú sí ọ. Èèyàn kì í kẹ̀yìn sí àlejò.” Ìyá náà dìde, ó fọwọ́ tọ etí tábìlì, ó bọ́ sí apá kejì, ó sì jókòó síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ tẹ̀ lé e, ó yí i díẹ̀, ó tún sọ ọ́: “Ẹran, aago mẹ́rin.” Ìyá na ọwọ́, ó sì mú ẹran láìwá a.

Ẹnjiníà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo abọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan, ẹran náà kọjú sí fèrèsé. Nísinsìnyí, ilẹ̀kùn ló kọjú sí. Síbẹ̀ aago mẹ́rin náà ni.

“Ìyá, láti ibo lẹ ti ń kà á?”

“Láti àyà mi ni. Ibo ló tún wà?”

Ó yíjú sí òmùwẹ̀. “Ní òpó keje. Láti ibo lo ti ń ka aago?”

“Láti àkàbà. Ibo ló tún wà?”

“Àríwá,” ló wí. “Àríwá ni mo ti kà á. Àríwá ni gbogbo ẹnjiníà ti ń kà á.”

“Àríwá wo? Kọ́ńpáàsì kì í mọ ibi tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó tóbi tó yẹn, ńṣe ló ń yí kiri. Nínú òkùnkùn yẹn, àkàbà nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀.”

Òpó mẹ́fà àkọ́kọ́, àríwá ni àkàbà wọn kọjú sí, nítorí náà kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á. Òpó keje nìkan ni wọ́n yí àkàbà rẹ̀ sí ìlà oòrùn, nítorí wáyà iná tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Aago mẹ́rin láti àkàbà, aago méje ni láti àríwá. Ihò náà wà níbi tó sọ pé ó wà. Òkúta ni wọ́n dà síbòmíràn, ọwọ́ ẹnjiníà ló sì júwe ibòmíràn náà.

Ó ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, òmùwẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Inú rẹ dùn? O ti rí ẹ̀rí.”

“Jọ̀ọ́...”

“Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ká ní o kò rí abọ́ màmá mi ńkọ́? Ká ní ìṣirò náà ò bọ́ sí i, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló wà. Ṣé wàá gbà mí gbọ́?”

Ó lè parọ́. Irọ́ kékeré kan péré ni ì bá tún ohun gbogbo ṣe. Ṣùgbọ́n kò parọ́. “Rárá,” ló wí.

Òmùwẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìyá rẹ̀ dá ẹran jíjẹ dúró.

Ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ akóòkúta ń padà lọ ní ọ̀la, ẹrù òkúta kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, ìjì sì ti sún mọ́lé. “Ta ló sọ pé ihò wà ní aago méje?” ni Ọ̀gá béèrè.

“Òmùwẹ̀ ni.”

“Òmùwẹ̀ tó o kọ lẹ́tà nípa ẹ̀! Ṣé o mọ̀ pé tí kò bá sí ihò níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa lọ?”

“Mo mọ̀, sà.” Ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n da òkúta sí aago méje. Lẹ́yìn náà ló jókòó kọ lẹ́tà kejì, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó gba ti àkọ́kọ́: àṣìṣe náà, tèmi ni, òmùwẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì sọ òtítọ́, èmi ni mi ò bi í.

Ihò wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ oníró rí i ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó jìn dé àyà àgbàlagbà. Wọ́n da òkúta sí i, fífì òpó keje dẹ́kun àtifalẹ̀, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti gòkè dé mẹ́tàdínlógún àbọ̀. Wọ́n dá ìwé àṣẹ òmùwẹ̀ padà. Ní ti ẹnjiníà, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé òmùwẹ̀ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù.” ‘Ẹ’ ti padà dé.

Ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó rò pé bàbá máa yọ̀ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Bàbá kò yọ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

“Ìlà méjì ni bóòtù tó wà nídìí kirénì yẹn,” ló wí níkẹyìn. “Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó ní òun ti dè é. Mi ò bi í pé èwo.”

“Bàbá...”

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ pé irọ́ ló pa. Títí tó fi kú. Mi ò bi í rí.” Ó gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀ kó má baà rí omi tó wà níbẹ̀. “Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ, àbọ̀ ni. Lọ bá ọkùnrin yẹn.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ọkọ̀ lọ sójú òkun. Òmùwẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Èyí dáa, torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè bínú jáde. Ó bẹ ẹni tó ń bá òmùwẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí wáyà pé kó gbé e fún òun. Ohùn òmùwẹ̀ máa ń jáde nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, kedere, létí gbogbo ọkọ̀.

“Èmi ni,” ló wí.

Èémí nìkan ló ń dún.

“Mi ò wá sọ pé mi ò ní fura mọ́. Màá fura. Bóyá lọ́la gan-an. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí ohun kan: màá bi ọ́ kí n tó kọ ọ́. Ohun yòówù kójú mi rí, ìwọ ni màá kọ́kọ́ bi.”

“Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ?”

“Mo mọ̀.” Ó sì gbọ́ ọ dájú pé ‘o’ ló fi pè é, kì í ṣe ‘ẹ’.

“Ó dáa. Bi mí nígbà náà.”

“Ṣé o ṣì fẹ́ mi?”

“Mò ń gòkè bọ̀. Ó máa gba ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti ibi tó jìn tó báyìí sáré gòkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó. Má lọ.”

Wáyà dákẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú! Ẹ fojú inú wo obìnrin yìí, tí kò lè mu tíì láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, tó wá jókòó sórí okùn tí wọ́n ká jọ, tí ìdáhùn ayé rẹ̀ ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó fura pé kò tíì dáhùn. Ó fura pé “Má lọ” kì í ṣe “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó fura pé ó ń wá ọ̀rọ̀ rere tó máa fi kọ̀ ọ́ níwájú èèyàn. Awakọ̀ fún un ní omi, kò mu ún. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí òmùwẹ̀ dúró ní ibi ìdúró tó kẹ́yìn, wáyà dún.

“Ẹnjiníà mi, o ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà.”

“O ti ro ó pé mo máa kọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹfà.”

Ẹ̀rín rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ, ó kún ọkọ̀. “Mo fẹ́ ọ. Látìgbà òjò yẹn ni mo ti fẹ́ ọ. Kò yí padà rí. Inú ló ń bí mi.”

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó síwájú akọ̀wé ìgbéyàwó kan, nínú yàrá kékeré tí ògiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà. Ìyá jókòó lápá ọ̀tún, ó ń fọwọ́ pa àga tuntun náà láti mọ bó ṣe rí. Bàbá dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó kọ̀ láti jókòó. Akọ̀wé bi ọkọ, ọkọ ní òun gbà. Akọ̀wé yíjú sí ìyàwó.

“Ṣé ìwọ náà gbà?”

“Mo ní ìbéèrè kan,” ni ìyàwó wí.

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀.

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́, láti fẹ́ mi?”

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa. “Ó ń bà mí,” ló wí. “Ó ń bà mí gan-an.”

Inú rẹ̀ rọ̀. Ká ní ó sọ pé rárá, ì bá fura.

“Èmi náà,” ló wí. Ó gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì fọwọ́ sí i.